Èékánná Ajá, Ẹ̀rù Ajá àti Ọwọ́ Àwọn Ọmọ Wa

Ọ̀rọ̀ tí Alákòóso Ẹ̀ka Ọ̀dọ́ bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé oṣù wa ní Ìkòtún. A gbé e síbí fún àwọn tí kò ráyè wá, àti fún àwọn tó ní kí a kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn.

Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn àgbà kí n tó la ẹnu mi. Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ wa pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Níbi tí mo bá ti ṣì í sọ, ẹ bá mi tún un ṣe.

Nígbà tí Akọ̀wé wa ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ààbò ilé, ó dá mi lójú pé ohun tí wọ́n ń retí ni kí n sọ̀rọ̀ nípa fijilanté, iná sólà, tàbí kámẹ́rà tí wọ́n ń kàn mọ́ ògiri. Ẹ má bínú sí mi. Ọ̀rọ̀ èékánná ajá ni mo gbé wá. Mo rí i pé àwọn kan ti ń rẹ́rìn-ín. Kò burú. Ká ní ẹnìkan wá bá mi sọ irú ọ̀rọ̀ yìí lọ́dún méjì sẹ́yìn, èmi náà ì bá rẹ́rìn-ín.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi yín: ta ló ní ajá nílé nínú wa níbí? Ẹ nawọ́ sókè. Ẹ ṣeun, ó ju ìdajì wa lọ. Ẹ̀yin tí ẹ nawọ́, ta ló ti gé èékánná ajá rẹ̀ rí? Ẹ rí i bí ọwọ́ ṣe wálẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ ká sọ ọ́.

Ajá tiwa ní Ìgàndò ń jẹ́ Tanímọ̀la. Dádì ló mú un wá láti ilé nígbà tó ṣì kéré, ọwọ́ ọdẹ kan ló ti gbà á. Ẹ̀yin àgbà mọ̀ pé láyé àtijọ́, wọn kì í sábà sọ ajá lórúkọ lásán. Ènìyàn a máa fi orúkọ ajá sọ ohun tí kò lè sọ sí aládùúgbò lójú. Tó bá ti pariwo pe ajá rẹ̀ lówùúrọ̀, ẹni tó ń bá wí á ti gbọ́. Àwa ò bá ẹnikẹ́ni wí o. Dádì kàn fẹ́ràn orúkọ náà ni.

Ká ní ilé ni Tanímọ̀la dàgbà sí, ì bá máa tẹ̀lé ọdẹ wọ igbó, ì bá máa sáré lórí òkúta àti ilẹ̀ pupa. Ṣùgbọ́n Èkó ló bá ara rẹ̀. Inú kéèjì onípákó ló máa ń wà láti àárọ̀ dalẹ́, alẹ́ la máa ń tú u sílẹ̀ kó máa ṣọ́ ọgbà. Èékánná rẹ̀ ń gùn, a ò kà á sí. Nígbà tó yá, tó bá ti ń rìn lórí táìsì, ẹ óò máa gbọ́ kó-kó-kó bíi bàtà gíga.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, bọ̀ọ̀dá kan ládùúgbò tó máa ń bá wa wẹ ajá sọ pé òun á bá wa gé e. Púláyà ló mú wá, èyí tí wọ́n fi ń fa ìṣó. Ẹni méjì di ajá mọ́lẹ̀, èmi di orí rẹ̀ mú. Ó gé àkọ́kọ́, ó gé ìkejì. Nígbà tó fi máa gé ìkẹta, ẹ̀jẹ̀ bọ́. Igbe tí ajá yẹn ké, mi ò tíì gbọ́ irú ẹ̀ rí. Ó tọ̀ sára. Ó ja ara rẹ̀ gbà, ó sá wọ abẹ́ ọkọ̀, kò jáde títí ilẹ̀ fi ṣú. Mi ò ní di ẹ̀bi yẹn ru bọ̀ọ̀dá nìkan, torí ọwọ́ mi náà wà níbẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá fọwọ́ kan ẹsẹ̀ Tanímọ̀la, ó máa kùn sí i. Àwa sọ pé ó ti ya aláìgbọràn, a ń pariwo mọ́ ọn. Bí oṣù méjì lẹ́yìn náà, àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 9, ń bá a ṣeré lẹ́yìn òjò. Ó rí ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó di ẹsẹ̀ náà mú kó lè nù ún. Ajá bù ú jẹ lọ́wọ́.

Ẹ wo bí ilé ṣe rí lọ́jọ́ yẹn. Ẹnìkan ní ká fi epo pupa sí i, ẹnìkan ní ká fi ata gún un. Ọpẹ́lọpẹ́ ìyá kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì nínú ọgbà kejì, òun ló sáré gbé ọmọ lọ síbi omi ẹ̀rọ, tó fi ọṣẹ fọ ọ́, tó ń fọ ọ́, tó ní ká máa wo aago. Nígbà tí a dé ilé ìwòsàn, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé, “Ṣé wọ́n ti fún ajá yìí lábẹ́rẹ́ dìgbòlugi? Níbo ni káàdì rẹ̀ wà?” A wo ojú ara wa. A ò rí káàdì kankan. Bí ọmọ ọdún 9 ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gba abẹ́rẹ́ nìyẹn, ọ̀kan lónìí, òmíràn lọ́jọ́ mìíràn. Màámi ò sùn. Dádì náà ò sùn, àmọ́ ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ilẹ̀ ọ̀la ò ní bá ajá yẹn nínú ilé àwọn. Ẹ sì mọ̀ pé àwọn tó ń ra ajá jẹ, àwọn tó ń pè é ní 404, kò jìnnà sí wa.

Dókítà ló dá Dádì lẹ́kun. Ó ní a ò gbọ́dọ̀ pa ajá náà, a ò sì gbọ́dọ̀ tà á. Ká so ó mọ́lẹ̀ níbi tí ọmọdé ò lè dé, ká máa wò ó fún ọjọ́ 10. Tó bá jẹ́ dìgbòlugi ló wà lára rẹ̀ nígbà tó bu ọmọ jẹ, ajá náà á ti ṣàìsàn tàbí kó kú kí ọjọ́ náà tó pé. Ọjọ́ 10 pé, Tanímọ̀la ń jẹun, ó ń ju ìrù. Ọkàn wa balẹ̀ nípa ọmọ. Ọjọ́ 10 yẹn ló gba ẹ̀mí ajá là, òun náà ló jẹ́ kí n jókòó, kí n kàwé, kí n lọ bi dókítà ẹranko léèrè ọ̀rọ̀.

Ohun tí mo kọ́ kò ju gbólóhùn kan lọ: ajá wa ò burú, ẹ̀rù ló ń bà á. Ohun tí a fi gé e, àti bí a ṣe gé e, ló kọ́ ọ lẹ́rù. Ẹ̀rù yẹn ló bu ọmọ wa jẹ. Alímọ̀ṣọ́ wa yìí ni ìjọba ìbílẹ̀ tó ní èrò jù lọ ní Èkó nínú ìkànìyàn ọdún 2006, ó lé ní mílíọ̀nù kan. Ilé fara ti ilé, ọmọ ẹlẹ́ni ń gba inú ọgbà wa kọjá. Ọ̀rọ̀ ajá tó ń bẹ̀rù kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilé ẹnìkan ṣoṣo.

Ẹ jẹ́ ká wá wo èékánná náà fúnra rẹ̀. Ajá sábà máa ń ní èékánná 18: márùn-ún lẹ́sẹ̀ iwájú kọ̀ọ̀kan, mẹ́rin lẹ́sẹ̀ ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan. Ìkarùn-ún iwájú yẹn ni àtàǹpàkò rẹ̀, ó wà lókè díẹ̀ lápá inú, kì í kan ilẹ̀. Ilẹ̀ líle máa ń jẹ àwọn yòókù kúrò díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ajá ilé kì í fi nílò ẹni tó máa gé èékánná rẹ̀. Ajá inú kéèjì ò rí ilẹ̀ líle rìn, tirẹ̀ á máa gùn ṣáá. Tó bá ti ń kan ilẹ̀ nígbà tí ajá bá dúró jẹ́ẹ́, ó ti gùn jù. Á máa ti ọmọ ìka sẹ́yìn, á máa dun ajá ní oríkèé, á máa há sínú nẹ́ẹ̀tì, á sì fà ya. Ti àtàǹpàkò ló burú jù, torí ó lè ká bí ìwo àgbò, kó sì gún inú ẹran.

Nínú èékánná kọ̀ọ̀kan, ẹran rírọ̀ kan wà tó ní iṣan ẹ̀jẹ̀ àti iṣan tó ń gbé ìrora. Èyí tó kọjá orí ẹran náà ni kò ní ìmọ̀lára. Tí èékánná bá funfun, ẹ óò rí ẹran náà nínú rẹ̀, á pọ́n ráńráń. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ajá ilé wa, dúdú ni èékánná wọn, ẹ ò lè rí nǹkan kan. Ẹni tó bá gé e lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kàn ń ta tẹ́tẹ́ ni. Pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ la ń gé e, bí ẹni ń rẹ́ dòdò. Lẹ́yìn gígé kọ̀ọ̀kan, ẹ wo ojú ibi tí ẹ gé. Tó bá gbẹ, tó funfun bíi ẹfun, àyè ṣì wà. Tí ẹ bá ti rí àmì kékeré kan tó dúdú, tó rọ̀, láàárín gbùngbùn, ẹ dúró níbẹ̀.

Ohun mìíràn tí mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ nìyí: bí èékánná bá ṣe ń gùn, bẹ́ẹ̀ ni ẹran inú rẹ̀ náà á máa tẹ̀lé e. Nítorí náà, èékánná tó ti gùn láti ọdún kan kò ṣeé gé kúrú lọ́jọ́ kan. Ẹ gé díẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, díẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹran náà á máa sún sẹ́yìn.

Ó wá ku ohun tí a máa fi gé e. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ kó èyí tí kò dáa sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ má fi bíléèdì, ọ̀bẹ tàbí púláyà kan èékánná ajá mọ́. Púláyà kì í gé nǹkan, ó ń fún un pọ̀ ni. Ìfúnpọ̀ yẹn ti ń dun ajá kí ẹ̀jẹ̀ tó bọ́. Nélì kọ́tà tí àwa èèyàn ń lò náà ò bá a mu. Èékánná tiwa pẹlẹbẹ, tajá ki, ó sì yípo. Ọmọ ajá kékeré nìkan lẹ lè lò ó fún.

Èyí tí wọ́n ṣe fún ajá gan-an, oríṣi mẹ́ta ló pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń ta nǹkan ajá.

Àkọ́kọ́ ni èyí tó ní ihò. Ẹ máa ti èékánná bọ inú ihò náà, tí ẹ bá fún ọwọ́ rẹ̀ pọ̀, abẹ kan á yọ, á gé e. Ó dára fún ajá kékeré tó fara balẹ̀. Àmọ́ abẹ rẹ̀ tètè máa ń ku, tó bá sì ti ku, ìfúnpọ̀ la padà sí yẹn. Èyí tó jẹ́ ti ajá tó ń bẹ̀rù ni pé ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọ èékánná sínú ihò. Tó bá fa ẹsẹ̀ lójijì nígbà tó wà nínú ihò, ó ti lọ́ ọ lọ́rùn nìyẹn. Èmi ò ní rà á fún Tanímọ̀la.

Ìkejì dà bíi sísọ́ọ̀sì tí àwọn tó ń tọ́jú òdòdó fi ń gé ẹ̀ka. Abẹ rẹ̀ méjì tẹ̀ kọdọrọ, ó ń gé kíákíá, ó sì lágbára fún ajá ńlá. Ẹ ra èyí tó bá ajá yín mu. Tó bá tóbi jù, ẹ ò ní rí ibi tí ẹ ń gé. Ẹ ra èyí tí ọwọ́ rẹ̀ ní rọ́bà kó má baà yọ̀. Àwọn kan máa ń ní irin pẹlẹbẹ kékeré lẹ́yìn abẹ tí wọ́n ní kò ní jẹ́ kí ẹ gé e jù. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e o. Irin yẹn ò mọ ibi tí ẹran èékánná ajá yín dé.

Ìkẹta ni ẹ̀rọ tó ń há èékánná. Ẹ rántí gíráńdà àwọn wẹ́dà. Ọmọ ẹ̀ nìyí. Ẹ máa ń fi fóònù ṣájà gba iná sí i, torí náà àìsí iná NEPA ò dí i lọ́wọ́. Díẹ̀díẹ̀ ló ń jẹ èékánná, ìyẹn ló fi dára fún èékánná dúdú àti ajá tí wọ́n ti gé dé ẹran rí. Àmọ́ ó ń dún, ó ń gbọ̀n, ó sì máa ń gbóná. Ẹ fi kàn án fún ìṣẹ́jú àáyá méjì tàbí mẹ́ta, kí ẹ gbé e kúrò. Tí ajá bá nírun gígùn, ẹ di irun náà sẹ́yìn kó má baà wé mọ́ ọn. Ẹ ra èyí tí ẹ lè dín eré rẹ̀ kù, tí ohùn rẹ̀ ò pọ̀. Ẹnìkan sọ fún mi pé, “Ajá wa ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀, ohùn ò lè bà á lẹ́rù.” Ẹ̀gbọ́n, ohùn tó wà lẹ́yìnkùlé yàtọ̀ sí ohùn tó gun orí èékánná rẹ.

Ohun kẹrin kì í ṣe nǹkan rírà, òun ni mo sì fẹ́ràn jù. Ẹ wá pákó pẹlẹbẹ kan, kó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà méjì. Ẹ fi gúlúù lẹ sánpépà onínọ́ńbà 80 mọ́ ọn. Ẹ fi oúnjẹ kékeré pamọ́ sábẹ́ àkísà lórí rẹ̀; ajá á máa fi ẹsẹ̀ iwájú há a. Bó bá ti há a, ẹ fún un ní nǹkan jẹ. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, á mọ̀ pé híhá pákó yẹn ló ń mú oúnjẹ wá. Ó ń jẹ èékánná ara rẹ̀ kúrú, ẹnikẹ́ni ò di í lẹ́sẹ̀ mú. Ó níbi tó mọ: kì í sábà kan àtàǹpàkò, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn sì ṣòro. Ẹ tún máa wo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kó má bó.

Tí ẹ bá bi mí pé èwo ni kí ẹ rà, èmi náà á bi yín pé: kí ló ń ba ajá yín lẹ́rù? Tó bá jẹ́ kí wọ́n di í lẹ́sẹ̀ mú ni kò fẹ́, ẹ fi pákó onísánpépà bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì máa mú un rìn lórí kọnkéré tàbí ìntalọ́ọ̀kì láàárọ̀. Tó bá jẹ́ ohùn ló ń bẹ̀rù, tó ń sá wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n bá yin nọ́kaòtù ní Dìsẹ́ńbà, ẹ má ra ẹ̀rọ fún un. Sísọ́ọ̀sì tó mú ló dáa. Tó bá jẹ́ wọ́n ti gé e dé ẹran rí, tí ìró “kà!” ti di ìró ìyà létí rẹ̀, ẹ̀rọ tí ẹ kọ́ ọ díẹ̀díẹ̀ lè sàn ju sísọ́ọ̀sì lọ. Owó tí nǹkan jẹ́ kọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Èyíkéyìí tí ẹ bá rà, ẹ má lò ó lọ́jọ́ tí ẹ rà á. Ọkùnrin ará Rọ́ṣíà kan wà, Ivan Pavlov, tó gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1904 fún iṣẹ́ rẹ̀ lórí bí oúnjẹ ṣe ń dà nínú. Ajá ló fi ṣe ìwádìí. Ó ṣàkíyèsí pé tí ìró kan bá ti máa ń ṣáájú oúnjẹ, tó bá yá, ìró yẹn nìkan á ti mú kí itọ́ máa dà lẹ́nu ajá. Ohun kan náà la ṣe fún Tanímọ̀la láìmọ̀, àmọ́ ìrora la fi rọ́pò oúnjẹ. A fẹ́ yí i padà nísinsìnyí.

Bí mo ṣe ṣe é nìyí. Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, mo kàn gbé ohun èlò náà sílẹ̀, mo sì fún un ní ẹ̀dọ̀ sísè tí kò ní iyọ̀ tàbí àlùbọ́sà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àlùbọ́sà kì í ṣe oúnjẹ ajá o. Ẹ̀yìn ìyẹn, mo ń fọwọ́ kan èjìká rẹ̀, mo fún un jẹ. Mo kan orúnkún, mo fún un jẹ. Mo kan ẹsẹ̀, mo fún un jẹ. Ó gbà mí ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ kí n tó dé orí ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo fi ohun èlò kan èékánná láìgé e. Lẹ́yìn náà ni mo gé ẹyọ kan. Ẹyọ kan péré! Mo fún un jẹ, mo ní ó dàbọ̀. Èékánná kan lóòjọ́, ọjọ́ 18, gbogbo rẹ̀ ti parí. Ta ló ń lé wa? Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í nini lára.

Ẹ máa wo ojú ajá. Tó bá ń yán nígbà tí oorun ò kùn ún, tó ń lá ètè, tó ń yí ojú kúrò tí ẹ sì ń rí funfun ẹyinjú rẹ̀, tó fi ìrù sáàárín itan, tí ara rẹ̀ le gbandi, ó ń sọ fún yín pé ó tó. Ẹ dúró. Tó bá kùn sí yín, ẹ má nà án. Ìkùn yẹn ni ìkìlọ̀ tó gbẹ̀yìn. Ajá tí wọ́n bá ti nà torí pé ó kùn, lọ́jọ́ mìíràn kò ní kùn mọ́, ṣe ló máa bu èèyàn jẹ.

Tí ẹ̀jẹ̀ bá wá bọ́, ẹ má pariwo. Ìyẹ̀fun kan wà tí dókítà ẹranko ń tà tó ń dá ẹ̀jẹ̀ èékánná dúró. Ẹ ní in nílé kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Tí kò bá sí, ẹ tẹ ìyẹ̀fun àgbàdo tó kúná mọ́ ojú èékánná náà fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Tí kò bá dá, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún ajá ní oògùn oorun èèyàn tàbí ọtí kó lè sùn. Ó lè pa á. Tí ẹ̀rù ajá bá pọ̀ kọjá ohun tí ẹ lè ṣe, dókítà ẹranko ní oògùn tó yẹ àti ìwọ̀n tó yẹ. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Kí ọmọdé má sì sí nítòsí tí a bá ń ṣe iṣẹ́ yìí.

Mi ò ní jókòó láìsọ ọ̀rọ̀ dìgbòlugi. Kárí ayé, nǹkan bí 59,000 èèyàn ni àrùn yìí ń pa lọ́dún, ilẹ̀ Áfíríkà àti Éṣíà ló sì ti ń pa jù. Ajá ló ń kó o ran èèyàn nínú ìdá 99 nínú ọgọ́rùn-ún. Tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í hàn lára èèyàn, ikú ló sábà máa ń já sí. Àmọ́ ó ṣeé dènà pátápátá. Tí ajá bá bu ẹnikẹ́ni jẹ, ì báà ṣe ajá ilé yín, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15 gbáko, kí ẹ tó gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Kì í ṣe epo, kì í ṣe ata, kì í ṣe irun ajá.

Ohun mẹ́ta ni Ẹ̀ka Ọ̀dọ́ ń tọrọ lọ́wọ́ ilé yìí. Èkíní, kí ẹgbẹ́ fún wa láyè láti ra sísọ́ọ̀sì ajá méjì àti ẹ̀rọ kan tí a máa tọ́jú sọ́dọ̀ Akọ̀wé, kí ẹni tó bá fẹ́ máa yá a lò kó tó mọ èyí tó bá ajá rẹ̀ mu, kó sì fọ̀ ọ́ mọ́ kó tó dá a padà. Èkejì, àwọn ọ̀dọ́ wa tó ń ṣe káfíńtà ti gbà láti kan pákó onísánpépà lọ́fẹ̀ẹ́ tí ẹ bá lè ra pákó. Ẹ̀kẹta ló ṣe pàtàkì jù. Ọjọ́ 28 oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà ni àyájọ́ ọjọ́ dìgbòlugi lágbàáyé, ọjọ́ tí Louis Pasteur kú lọ́dún 1895, ẹni tó ṣáájú àwọn tó ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká pe dókítà ẹranko wá lọ́sẹ̀ náà, kí gbogbo ajá ọmọ ẹgbẹ́ gba abẹ́rẹ́, kí kálukú sì mú káàdì rẹ̀ lọ sílé. Kí ìyá kankan nínú wa má tún dúró níwájú dókítà láìní káàdì.

Ẹ óò fẹ́ mọ bí Tanímọ̀la ṣe wà. Ó wà. Kò tíì fẹ́ràn kí wọ́n gé èékánná rẹ̀, mi ò ní parọ́ fún yín, àmọ́ ó ti ń na ẹsẹ̀ fún mi. Bí mo bá ń gé e, àbúrò mi á dúró lọ́ọ̀ọ́kán lẹ́yìn gẹ́ètì, á máa ka èékánná náà sókè fún mi. Àpá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó béèrè lọ́wọ́ Dádì bóyá òun lè máa fún ajá lóúnjẹ lálẹ́. Dádì ò fèsì fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n wá ní kó lọ gbé abọ́ rẹ̀ wá.

Àwọn àgbà ní ajá tó rẹ́ni lẹ́yìn á pa ọ̀bọ. Ajá tó ń ṣọ́ wa lóru, ẹ jẹ́ káwa náà dúró tì í lọ́sàn-án. Mo ti ṣetán fún ìbéèrè.